Ìnira Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

"Ṣé ìyà tó ń jẹ wá nílùú yìí kò tó yín ni?" Ìbéèrè yìí ni mò ń gbọ́ jù lọ láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé omi tútù ni mo fi ń wẹ̀ nígbà ọyẹ́, pé mo máa ń sáré gun òkè Mápó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àti pé àwọn nǹkan mìíràn wà tí mò ń ṣe nítorí pé wọn kò rọrùn. Ìyàwó ilé kejì bi mí. Àwọn oníbàárà bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tilẹ̀ rò pé wòlíì kan ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ìbàdàn la wà. Iná lè lọ láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì, owó epo ń gòkè, omi ẹ̀rọ kò yọ, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ń jẹ wákàtí mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kí ló dé tí ẹni tí ìnira yí ká yóò tún máa wá òmíràn kún un?

Ìyàwó ilé kejì fi òwe ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ṣubú ni òwe yẹn ń sọ. Èmi ń ránṣẹ́ pe kékeré nígbà tí mo ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi, kí n lè mọ bó ṣe ń jà.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyà tó wá bá èèyàn nílé àti ìnira tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Bí iná bá lọ, kò sí ohun tí mo fẹ́ pinnu. Màá jókòó sínú òkùnkùn, màá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi, màá sùn bí oorun bá gbà. Ó ń kọ́ mi ní ìfaradà lóòótọ́, ìfaradà kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ mi láti káwọ́ gbera. Bí ọdún bá ń gorí ọdún lórí irú ìyà bẹ́ẹ̀, ọkàn á mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ohun tó ń bọ̀, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra lọ pàdé rẹ̀. Omi tútù inú garawa kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Omi gbígbóná wà lórí gáàsì bí mo bá fẹ́ ẹ. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ pinnu, bí igbá kejì bá sì dé èjìká mi, mo gbọ́dọ̀ tún un pinnu. Pípinnu yẹn, nígbà tí ara ń bẹ̀bẹ̀ pé ká dákun ká má ṣe é, ni mò ń lọ kọ́ ní balùwẹ̀ láràárọ̀.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán: ìró àti bùbá, gáùn lésì, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé rírán kọ́ ló le jù níbẹ̀. Owó gbígbà ni. Oníbàárà á gbé aṣọ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ nítorí òde tó ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, á ní òun máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi lálẹ́. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, oṣù á parí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mi ò fi lè pe irú wọn. Bí mo bá ti mú fóònù, àyà mi á máa lù, ẹnu mi á gbẹ, màá rántí pé mo ní okùn tí mo fẹ́ lọ rà lọ́jà. Bẹ́ẹ̀, mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Mo tọ́jú ìyá mi lórí àìsàn títí Ọlọ́run fi gbà á. Mo ti ru ẹ̀rọ ìránṣọ lórí nígbà tí kò sí owó ọkọ̀. Gbogbo ìyà wọ̀nyẹn kò ràn mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ fóònù tí kò lè ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kì í ṣe dandan kí ìyà púpọ̀ sọ ọkàn di alágbára.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ omi fún mi. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Serpentine Swimming Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1864. Inú adágún Serpentine tó wà ní Hyde Park ni wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, lójò, lẹ́ẹ̀rùn, àti nígbà òtútù wọn tí tiwa kò tó ìdajì rẹ̀. Ní àárọ̀ Kérésìmesì, nígbà tí èèyàn rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n máa ń díje nínú omi náà fún ife kan tí wọ́n ń pè ní Peter Pan Cup. Àbúrò mi lọ wò wọ́n. Ohun tó wú u lórí ni pé àwọn àgbàlagbà tó ti hewú pọ̀ nínú wọn, pé wọ́n ń rọra wọ omi ni, wọn kò pariwo, wọn kò sáré. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bíi pé wọ́n ti bá omi yẹn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti oṣù Ọ̀pẹ wọ oṣù Ṣẹẹrẹ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bo ìlú, eruku á gba ojú ọ̀run, ètè á là, gìgísẹ̀ á là, omi inú táńkì á sì tutù débi pé ọwọ́ tó bá bọ̀ ọ́ láàárọ̀ á kú tipiri. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bu omi náà sára láì pò ó mọ́ gbígbóná, èémí mi já. Ẹnu mi là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ní kí n sá. Mo dúró. Mo mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kẹtàlélógún, mo tún bu omi sára. Mi ò tíì dé ibi àfonífojì òjìji ikú tí ara mi fi rọlẹ̀. Omi kò gbóná sí i. Èmi ni mo yí padà, láàárín ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń ka ẹsẹ mẹ́ta. Ohun tí mi ò retí ni pé bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ ni òtútù gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ púpọ̀, ó sì ń yára fa omi kúrò lára ẹni, bó sì ṣe ń fà á ló ń fa ooru ara lọ pẹ̀lú. Mo rọra nu ara mi. Mi ò sáré wọ aṣọ. Ìyẹn náà jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ náà fún mi.

Ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì ló là á yé mi pé kì í ṣe èmi nìkan. Bí omi tútù bá kan awọ ara lójijì, ara máa ń mí hẹlẹhẹlẹ láì gbàṣẹ, ọkàn-àyà á sì máa lù kíkankíkan. Ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ń le jù, tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ó ti ń rọlẹ̀. Nínú adágún àwọn òyìnbó, ẹni tó bá ṣubú sómi lè mí omi sínú ní àkókò yẹn, kó sì kú kí òtútù fúnra rẹ̀ tó ráyè ṣe é ní nǹkan kan. Bí èèyàn bá sì ń wọ omi náà léraléra, ara á mọ̀ ọ́n, ìpayà yẹn á dín kù. Mo fẹ́ràn ìmọ̀ yìí gidigidi, torí ó sọ fún mi pé igbe àkọ́kọ́ tí ara ń ké ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí ìnira ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ṣe máa rí títí dé ìparí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti fi sílẹ̀ láyé mi nítorí èrò yẹn.

Ó tún sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n kó èèyàn 3,018 jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi omi tútù parí ìwẹ̀ wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, àwọn mìíràn 60, àwọn mìíràn 90, fún ọjọ́ 30 gbáko, kí àwọn yòókù máa wẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ìgbà tí àwọn olómi tútù pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn dín sí ti àwọn yòókù ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ara wọn kò yá kò dín kù. Mo ní kó tún un sọ. Àìsàn kò dín, lílọ síbi iṣẹ́ ló pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ lè ní àlàyé tiwọn, bó ṣe yé èmi ni pé omi kò yí ohun tó ń ṣe wọ́n padà, ó yí ohun tí wọ́n ṣe sí i padà. Ẹni tó fi omi tútù wẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 sì jèrè bíi ti ẹni tó ṣe é fún 90. Kò gba kí èèyàn fi ara rẹ̀ dógò.

Mo ní láti sọ èyí kedere: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà tàbí tí ọkàn-àyà rẹ̀ kò lágbára kò gbọ́dọ̀ kù gìrì bu omi tútù sára. Kó rí dókítà ná. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan wọ odò nítorí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ.

Sísáré ni mo fi kún un lẹ́yìn náà. Láti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 dúró sí, kò jìnnà, ṣùgbọ́n òkè ni, itan á mọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń lọ, torí kò yẹ kí obìnrin dá nìkan rìn lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn a máa ń gba ti Òkè Àárẹ̀, níbi tí ilé ìṣọ́ tí àwa ọmọ Ìbàdàn ń pè ní Láyípo wà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí ká bíi ìkarahun ìgbín, ó jẹ́ 47. Àwọn ọlọ́kadà á máa kígbe pé, "Ìyá, ta ló ń lé yín?" Ìyẹn gan-an ni mo kà sí ìnira tó ga jù nínú eré sísá, ju itan tó ń gbóná lọ: kí obìnrin ọlọ́jọ́ orí bíi tèmi máa sáré lójú gbogbo èèyàn, kó má sì dúró ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun ńlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Wọ́n á ní àwọn máa lọ sá eré ìjìnnà ti Èkó, tàbí pé àwọn máa gbààwẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbáko, kí wọ́n wá fi ọdún kan sinmi. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ibẹ̀ ni agbára wà. Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà sá kìlómítà 42.195 ní ìlú Vienna ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà 2019, ó parí rẹ̀ ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Gbogbo ayé wo ọjọ́ yẹn. Ohun tí ayé kò wò ni àgọ́ Kaptagat níbi tó ti ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn sárésáré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Olówó ni, síbẹ̀ ó ń pín iṣẹ́ ilé ṣe bíi ti ẹni tó kéré jù níbẹ̀, títí kan fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo gbà pé ìgbálẹ̀ àti bọ́rọ́ọ̀ṣì yẹn wà nínú ohun tó gbé e dé òpin eré.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fóònù. Bí mo ṣe rí ohun tí omi ṣe, mo pinnu pé ọ̀nà kan náà ni màá gbà wọ̀ ọ́. Mi ò bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó jẹ mí lówó jù. Àwọn tí kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń pè, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n sanwó lásìkò. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni, síbẹ̀ àyà mi já. Lẹ́yìn náà mo kan àwọn tí gbèsè wọn kéré. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó kan àwọn tí mò ń bẹ̀rù. Ọmọ mi ní Joseph Wolpe, oníṣègùn ọpọlọ ará South Africa, ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé láti 1958: kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà to àwọn ohun tó ń bà á lẹ́rù láti orí kékeré dé orí ńlá, kó máa gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Inú mi dùn láti gbọ́ pé ọ̀nà ti wà nílẹ̀.

Oníbàárà kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ìyá ńlá ni, èèyàn pàtàkì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, aṣọ ẹbí àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo rán. Mo pè é láàárọ̀, kété lẹ́yìn ìwẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ilé dáadáa ni? Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó ìránṣọ ọjọ́sí ni mo ní kí n rán yín létí."

"Háà, ṣé mo máa sá ni?"

"Ẹ ò ní í sá mà. Ọjọ́ wo ni kí n máa retí rẹ̀?"

Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni mo ti ń sá fún láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Nígbà tí mi ò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, bí ẹni tó jẹ mí lówó bá dákẹ́, èmi ni màá sáré fi ẹnu mi dí i: "Kò burú mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Owó mi á sì wọlé sínú gbólóhùn yẹn, á kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Èémí mi ń sáré, ọwọ́ mi tutù, gbogbo ara ní kí n sọ nǹkan. Mo mọ̀ pé ìdajì ìṣẹ́jú ló máa gbà. Mo mí jáde, mi ò sọ nǹkan kan. Ìyá náà ní, "Ọjọ́bọ̀." Mo dúpẹ́, mo gbàdúrà fún un, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni owó náà wọlé, aṣọ tuntun sì tẹ̀lé e, nítorí kì í ṣe pé ó ń bínú sí mi rárá. Ìbínú tí mò ń sá fún, inú orí tèmi ló wà.

Nígbà tí bàbá onílé ṣọ́ọ̀bù wá sọ fún mi pé owó ilé ti di ìlọ́po méjì, tó sì fẹ́ kí n fèsì lójú ẹsẹ̀, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ara mi. Ọkàn ń lù, ọ̀fun gbẹ. Mo dá a mọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ, mo ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ẹ fún mi títí di ọ̀túnla kí n lè ro ó dáadáa." Wọ́n kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n sì gbà. Ọjọ́ méjì yẹn jẹ́ kí n béèrè iye tí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi ń san, kí n sì padà lọ pẹ̀lú iye tí agbára mi gbé. Mi ò sunkún, mi ò bínú, mi ò sì tọwọ́ bọ̀wé lórí ohun tí mi ò lè san. A ṣe àdéhùn sí àárín.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn kan gbọ́ pé mò ń yìn ìnira, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i! Ohun tí à ń sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ jìyà kí wọ́n lè gbọ́n. Àwa náà jìyà ká tó mọṣẹ́." Rárá o. Èmi náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń fi rúlà onígi lu wa lọ́wọ́, tó ń rán wa lọ pọn omi ilé rẹ̀ kí a tó dé ìdí ẹ̀rọ. Mi ò kọ́ ìgboyà níbẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni bí a ṣe ń mọ ìró ẹsẹ̀ ọ̀gá láti òkèèrè, bí a ṣe ń gé aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, bí a ṣe ń parọ́ wẹ́rẹ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kán. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù fóònù mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí fún ọdún mẹ́ta gbáko, ẹni tó bá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń jìyà.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí. Nígbà Ràmàdáánì, á jí jẹ sààrì, kò ní fi omi kan ẹnu títí di àkókò ìṣínu, bẹ́ẹ̀ oṣù yẹn lè bọ́ sí ìgbà ooru. Lọ́jọ́ kan tí iná lọ, tí a ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo ní kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Màmá. Bó bá rẹ̀ mí, màá sọ." Ó sì sọ lóòótọ́, lẹ́yìn aṣọ kejì, ó lọ jókòó sábẹ́ ìbòòji. Ìyàtọ̀ tí mò ń pariwo lé lórí nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ kì í lè sọ pé ó rẹ òun. Ẹni tó yan ìnira fúnra rẹ̀ mọ ibi tí agbára òun dé, ó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì lè padà wá lọ́la. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lágbára, kó fún un ní iṣẹ́ tó ju tàná lọ díẹ̀, kó fún un láyè láti kọ̀, kó sì dúró tì í.

Mo máa ń dúró pẹ̀lú. Bí ibà bá ń ṣe mí, mi ò fi omi tútù wẹ̀. Bí orúnkún bá ń ro mí, tí kì í ṣe itan ló ń gbóná lásán, mi ò gun òkè. Ọjọ́ Àìkú, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ìrora tó ń sọ pé nǹkan ń bàjẹ́ yàtọ̀ sí ìnira tó kàn ń sọ pé nǹkan kò dùn, ó sì gbà mí lákòókò kí n tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè dá wọn mọ̀, kékeré ni kó dì mú.

Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín èrò ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò wa, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, àwọn tí ohùn wọn ròkè ló ń pinnu. Mo kọ́kọ́ ní kí akọ̀wé jẹ́ kí n máa ka orúkọ àwọn tó wá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń béèrè ìbéèrè kan péré ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ní ìpàdé tó kọjá, mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ìró, mo ní mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe òfin pé ọ̀gá kankan kò gbọ́dọ̀ lu ọmọ iṣẹ́ mọ́, àti pé owó fíríídọ̀mù kò gbọ́dọ̀ ga débi tí ọmọ tó ti mọṣẹ́ yóò fi máa ṣẹrú fún ọ̀gá rẹ̀ ọdún kan sí i. Ariwo sọ. Àwọn kan ní mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Mo dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, mo sì tún ọ̀rọ̀ mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alága ní wọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ó ti wà nínú ètò ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, orúkọ mi ni wọ́n sì kọ sí iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.